Àjàyí Ọmọ Òṣogùn, Crowther Ọmọ Onígòjé: Orúkọ Ta Lò Ń Jẹ́?

   

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má wí pé kí ló kan orúkọ nínú ọjà tó wọ́n báyìí. Ó kàn án o! Ọ̀rọ̀ orúkọ ti tú ilé rí. Ó ti gba ogún lọ́wọ́ ọmọ. Ó ti há owó ẹlòmíràn mọ́ báńkì, tí olówó fi ń ṣe bí alágbe. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnu kì í sinmi lórí rẹ̀. Wọ́n á ní, báwo ni ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ṣe ń jẹ́ Johnson, tí ẹlòmíràn ń jẹ́ Cole, tí òmíràn ń jẹ́ Macaulay? Ṣé òyìnbó ló bí wọn ni? Mo fẹ́ mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ká tú u bí ẹni ń tú ẹ̀kọ, ká rí ohun tó wà nínú ewé. Crowther ni mo mú.

Ta ni kò mọ Crowther? Yunifásítì tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ ń jẹ́ ẹ láti 2005. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà ló jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ogún ènìyàn pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.

ONÍGÒJÉ NI O!

Ohun èlò orin kan wà láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Wales, tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìlú Ọba. Crwth ni àwọn ará Wales ń pè é. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, wọ́n á ta okùn mẹ́fà sí i, wọ́n á wá fi ọrun fà á kó lè máa ké. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé rí ti mọ ohun tí mò ń wí. Gòjé tiwa, okùn kan ló ní, awọ ni wọ́n fi bò ó lójú, ìrù ẹṣin ni wọ́n sì fi ń ṣe okùn rẹ̀. Tiwọn, okùn mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹbí ni àwọn méjèèjì, torí ọrun ni wọ́n fi ń fà wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ gbádùn Sákárà Yusufu Ọlátúnjí, Bàbá Lẹ́gbàá, tó kú ní 1978, ẹ rántí gòjé tó máa ń sunkún tẹ̀lé ohùn bàbá náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ ti mọ crwth.

Nígbà tí ohun èlò yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ahọ́n wọn ò gbé crwth dáadáa. Àwọn kan pè é ní crouth, àwọn kan ní crowd. Ẹni tó bá ń fà á ká òde àríyá, wọ́n fi -er sí orúkọ náà nídìí, ó di Crowther, tàbí Crowder. Ẹ wò ó dáadáa. Àwa, iwájú la máa ń fi tiwa sí: onígòjé, aláṣọ, ẹlẹ́ran, oníbàtà. Àwọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi tiwọn sí. Ọgbọ́n kan náà ni. Nítorí náà, kí ni Crowther? Onígòjé ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín.

Violin ló padà wá gba ọjà mọ́ crwth lọ́wọ́. Àwọn tó ń ta á dín, wọ́n dín, títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1742 ṣì wà nípamọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ará Wales títí dòní. Ohun èlò lọ, orúkọ kù. Ẹni tó ń jẹ́ Crowther lónìí lè má rí crwth sójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

ÒYÌNBÓ NÁÀ Ò NÍ ORÚKỌ ÌDÍLÉ TẸ́LẸ̀

Ẹlòmíràn rò pé láti ọ̀run ni òyìnbó ti gbé orúkọ ìdílé wá, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní sọ́nẹ́ẹ̀mù. Irọ́ ni. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, John ni John, Thomas ni Thomas, ó parí. Ṣùgbọ́n bí John bá pé mẹ́wàá ní abúlé kan, èwo nínú wọn ló jẹ gbèsè? Wọ́n á ní John alágbẹ̀dẹ: Smith nìyẹn. John aránṣọ: Taylor. John tó ń kan àgbá: Cooper. John tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ nínú omi kó lè ki: Walker. John ọmọ John: Johnson. Láàrin nǹkan bí 1100 sí 1400 ni irú orúkọ báyìí bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, débi pé ọmọ Taylor lè má mọ abẹ́rẹ́ mú, Taylor náà ni wọ́n á máa pè é.

Owó orí náà wà lára ohun tó mú kí wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀. Ní 1379, nígbà Ọba Richard Kejì, agbowó orí káàkiri, wọ́n ń kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé. Ní Yorkshire, wọ́n kọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àwa àti akọ̀wé ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ lónìí? Ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ ló ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ tiyín. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí òyìnbó bá fi -ster sí nídìí, obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pè. Webster, obìnrin tó ń hun aṣọ. Baxter, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì. Brewster, obìnrin tó ń pọn ọtí. Ìgbà tó yá ni wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti ọkùnrin. Lónìí, bàbá onírùngbọ̀n ló ń jẹ́ Webster, ó ń yan kiri, kò mọ̀ pé orúkọ òwò àwọn ìyá ló gbé kọ́rùn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òwò obìnrin kì í sọ ilé lórúkọ, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

IBI TÍ CROWTHER KÓ JỌ SÍ

Smith ló pọ̀ jù lọ ní Ìlú Ọba, nítorí kò sí àdúgbò tí kì í wá alágbẹ̀dẹ. Ọkọ́ á kú, àdá á kú, ẹṣin á fẹ́ bàtà. Onígòjé kò rí bẹ́ẹ̀. Onígòjé kan lè tó fún abúlé mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí Crowther kò fi pọ̀ bíi Smith. Ibì kan ló sì kó jọ sí jù. Nígbà tí ìjọba wọn ka ènìyàn ní 1881, apá tí wọ́n ń pè ní West Riding ní Yorkshire ni Crowther ti pọ̀ jù, ní àgbègbè Halifax àti Huddersfield. Ó dà bí igi kan tó so, tí èso rẹ̀ já sílẹ̀, tó sì hù yí ìyá rẹ̀ ká.

Ilẹ̀ àgùntàn ni ibẹ̀, iṣẹ́ aṣọ irun àgùntàn ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn Crowther kan padà di olówó ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá ní Marsden àti Milnsbridge, nítòsí Huddersfield. Ẹ wo ayé! Orúkọ ń pariwo gòjé, ọwọ́ ń ṣe òwú. Orúkọ máa ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe nígbà kan. Kì í sọ ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ á dà.

BÓ ṢE DÉ ORÍ ÀJÀYÍ

Ó yá, báwo ni orúkọ onígòjé Yorkshire ṣe bọ́ sórí ọmọ Òṣogùn?

Àjàyí, gbogbo wa mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó fún un, ó mú un bọ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn, wọ́n mú Àjàyí, wọ́n mú ìyá rẹ̀. Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837, ó ní àwọn Fúlàní, àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ló para pọ̀ nínú ogun náà. Àsìkò náà ni Àfọ̀njá ti kọ̀ fún Aláàfin láti Ìlọrin níbí, tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń fọ́ kélekèle. Ọ̀rọ̀ ogun àtijọ́ ni, a ò fi ń bú ara wa, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé Èkó, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Esperança Felix. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, lé wọn bá, ó gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà 1822, Àjàyí gúnlẹ̀ sí Sàró.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá 1825, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un. Àlùfáà kan wà ní London tó ń jẹ́ Samuel Crowther, òun ló ń bójú tó ìjọ Christ Church ní Newgate, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ CMS. Orúkọ rẹ̀ lódindi, ti iwájú ti ẹ̀yìn, ni wọ́n gbé wọ Àjàyí, bí ẹni gbé agbádá ẹlòmíràn wọ ọmọ. Kò bá a tan. Kò jẹ́ ọmọ, kò jẹ́ ọmọ-ọmọ, kò jẹ́ àna. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Sàró. Orúkọ míṣọ́nnárì, orúkọ gómìnà, orúkọ ẹni tó dá owó fún ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pín bí ẹni pín ẹ̀bùn níbi ìnáwó.

Ṣọ́ọ̀ṣì Newgate tí olórúkọ náà ti ń wàásù, bọ́ǹbù àwọn Jámánì dáná sun ún ní oṣù kejìlá 1940. Ṣọ́ọ̀ṣì jó, orúkọ ò jó. Ó ti rìn dé ibi tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kò fojú rí.

ÌYÁ RẸ̀ Ò MỌ CROWTHER

Àjàyí dàgbà, ó kàwé, wọ́n fi jẹ àlùfáà ní 1843. Ní 1846 ó wà ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀, Àfálà, wá bá a. Ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni wọ́n ti pínyà! Ẹ̀yin tó bí ọmọ, ẹ ro ìyẹn wò ná. Ẹ̀rù àti ayọ̀ mú ìyá àti ọmọ, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Ìyá yẹn kò wá Crowther. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àjàyí ló mọ̀, Àjàyí ló sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, Àjàyí náà ló rí. Bí Àjàyí bá ti sọ Àjàyí nù pátápátá, kí ni ìyá náà ì bá fi béèrè rẹ̀?

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 1864, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan, Dandeson Coates Crowther, ó jẹ́ olórí àlùfáà ní ẹkùn Bonny. Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ ọmọ náà: Dandeson Coates, orúkọ akọ̀wé CMS ní London ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Òun náà, orúkọ òyìnbó òǹkọ̀wé kan ni wọ́n fi sọ ọ́ láti òkè délẹ̀. Macaulay gan-an, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn ará Scotland ni ọmọ Olaf. Abigail àti ọkọ rẹ̀ ló bí Herbert Macaulay, ẹni tó bá òyìnbó jà lórí ilẹ̀ Èkó, tó kú ní 1946. Bí Crowther ṣe tàn dé Freetown, dé Èkó, dé Bonny nìyẹn. Bí ẹ bá rí Crowther méjì, ọ̀kan láti Huddersfield, ọ̀kan láti Èkó, orúkọ wọn dọ́gba, ẹ̀jẹ̀ wọn ò pàdé.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ó wọ ìlú yín o. Láàrin oṣù kọkànlá 1871 sí oṣù kejì 1872, Bíṣọ́ọ̀bù náà gba orí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́já, ó gba Bídà, ó gba Ìlọrin, ó lọ sí Èkó. Ní ààfin Ẹ́míà, àwọn àlùfáà wa bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀sìn. Ó fi Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá dá wọn lóhùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ẹnikẹ́ni ò bú ẹnì kejì. Ọmọ tí ogun àsìkò Àfọ̀njá kó lẹ́rú ní 1821 ló padà wá di àlejò pàtàkì ní Ìlọrin. Kì í ṣe Crowther ló fi bá wọn sọ̀rọ̀ o, èdè Àjàyí ló fi bá wọn sọ ọ́.

ÀWỌN TÓ BỌ́ Ọ SÍLẸ̀

Nígbà tó yá, ojú àwọn ọmọ Sàró kan là. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbé orúkọ àlejò kiri mọ́. David Brown Vincent, àlùfáà Onítẹ̀bọmi, di Mojọlá Agbébí ní 1894. Edmund Macaulay, lọ́yà Èkó, di Kitoyi Ajasa. Nínú àwọn ọmọ Àgùdà tó ti Brazil bọ̀, Placido Assumpção di Adéyẹmọ Alákijà ní 1913. Ní sáà 1970 sí 1980, Fẹlá olórin náà já Ransome dànù, ó ní orúkọ ẹrú ni, ó fi Aníkúlápó dí i. Ransome yẹn, òyìnbó míṣọ́nnárì ni bàbá bàbá rẹ̀ ti mú un.

Crowther ò já tirẹ̀ dànù. Ó jẹ́ Àjàyí, ó jẹ́ Crowther, títí ó fi kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ẹni tó já a ní ìdí, ẹni tó dì í mú ní ìdí. Ohun tí ò dára ni kéèyàn máa jẹ́ orúkọ, kó má mọ ohun tó ń jẹ́.

ÀWA Ń KỌ́?

Ẹ má fi òyìnbó rẹ́rìn-ín jàre. Àwa náà ní Crowther tiwa. Àyàn ni! Àyánwálé, Àyándélé, Àyántúndé, ìdílé onílù ni gbogbo wọn. Ọ̀jẹ́wálé, ilé eégún. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ. Ọnàbólú, ilé oníṣẹ́ ọnà. Aina Onabolu tó ń ya àwòrán, tó kú ní 1963, orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ bára mu wẹ́kú. Ìlọrin gan-an ńkọ́? Àwọn àgbà wí pé ìlọ-irin ni, ibi òkúta tí ọdẹ ti ń lọ irin rẹ̀. Ìlú odindi tó fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ orúkọ!

Ṣùgbọ́n kí ni à ń ṣe báyìí? Ọmọ onílù á wọ ilé ìwé, á ní òun ò fẹ́ Àyàn mọ́, òun fẹ́ Olú. Ó ń tijú ìlù. Crowther tó wà ní Yorkshire, onígòjé ni baba ńlá rẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ ẹ di ọlọ́rọ̀, wọn ò tijú. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ló ní kí o yí i padà, ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n sọ fún ọmọ rẹ pé ilé onílù la ti wá. Bí o ò bá sọ, tí o bá kú, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Ní Ìlọrin níbí, ọ̀nà tí orúkọ ìdílé ń gbà wá ò kéré. Ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an. Ẹlòmíràn ń jẹ́ oríkì bàbá: Àlàó, Àlàbí, Àrẹ̀mú. Ẹlòmíràn ń jẹ́ orúkọ oyè tàbí ti àdúgbò. Ẹ wo ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn, igbá kejì ìjọba ológun láti December 1983 sí August 1985, tó ní ká máa tò sórí ìlà. Bàbá tó bí i ń jẹ́ Hassan Dogo. Ìdí igi àgbọn ni ayé fi mọ ọmọ. Ní òkè lọ́hùn-ún, Tafawa Balewa, olórí ìjọba àkọ́kọ́, orúkọ ìlú rẹ̀ ló jẹ́. Ta ló máa wí pé wọn kì í ṣe ọmọ bàbá wọn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dun ni rèé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá kan bí ọmọ mẹ́ta. Èyí àkọ́bí, tíṣà kọ orúkọ bàbá mọ́ ọn. Èkejì, ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá ìyá rẹ̀ ló ti kàwé, wọ́n fi orúkọ bùrọ̀dá sí i. Ẹ̀kẹta, orúkọ agbo ilé ni wọ́n kọ. Bàbá wà láyé, kò sí wàhálà. Bàbá kú, ilé kan wà, ṣọ́ọ̀bù méjì wà, ẹnì kan á dìde láàrin ẹbí, á ní, “Ìwọ èyí, orúkọ rẹ ò bá tiwa mu, ìwọ kì í ṣe ọmọ bàbá wa.” Ìyá ọmọ á wá máa sunkún.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má gbà bẹ́ẹ̀! Ohun tí mo fi Crowther sọ láti òkè nìyẹn. Ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan kí wọ́n má tan. Ẹni mẹ́ta lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta kí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan. Sọ́nẹ́ẹ̀mù kọ́ ló ń bímọ. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tí àwọn àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀rí ẹni tó mọ bàbá àti ìyá, ìwọ̀nyẹn ni ẹ̀rí. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ti mọ̀ pé Kùránì ní ká máa pe ọmọ mọ́ bàbá tó bí i, ẹsẹ karùn-ún ni ní Súrà Al-Ahzab. Bàbá tó bí i ni wọ́n wí o, wọn ò wí orúkọ tí tíṣà kọ.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ìkíní, ẹ kó ìwé yín jáde kúrò nínú àpótí. Ẹ wo orúkọ tó wà nínú NIN, ẹ wo ti BVN tó ti wà láti 2014, ẹ wo ti ìwé ẹ̀rí ọmọ àti ti ìwé ilẹ̀. Láti December 2020 tí ìjọba ti ní ká so NIN mọ́ fóònù, ọ̀pọ̀ ló ti rí i pé orúkọ òun nínú ìwé kan ò jọ ti ìwé kejì. Sàlámátù níbìkan, Sálámọ̀ níbòmíràn. Orúkọ ọkọ níbìkan, orúkọ bàbá níbòmíràn. Ẹ lọ búra ní kọ́ọ̀tù, ẹ gba ìwé ìbúra, ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ tó mú un lọ sí báńkì. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí ara le. Ẹ má dúró dìgbà tí àìsàn bá ń béèrè owó.

Ìkejì, ẹ fi orúkọ ìdílé kan ṣoṣo sí gbogbo ọmọ yín bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ. Bí ó bá ti yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, kí bàbá fọwọ́ sí i nígbà tó ṣì lè fọwọ́ sí i, kí àgbà méjì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bàbá tó bá ní òun ò ní kọ ọ́, ẹ rọra bi í pé kí ló dé.

Ìkẹta, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ agbo ilé yín síbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, ibi tí ẹ ti wá kí ẹ tó dé Ìlọrin, iṣẹ́ tí baba ńlá yín ṣe. Ẹ má gbàgbé ti ìyá. Ìyá tó ń mọ ìkòkò, ìyá tó ń hun aṣọ, ìyá tó ń pa àdí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ rí Webster bí wọ́n ṣe gbàgbé ìyá.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti wo orúkọ kó mọ ilé. Bí ẹ bá mọ ìtumọ̀ orúkọ ìdílé tiyín, pàápàá èyí tó ṣọ̀wọ́n, tó ṣòro í gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì jẹ́ òótọ́. A ó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn ọmọ yín lè rí i kà.